Ta ni olùṣe? Àríwísí lórí ojú-ìwé fsync nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà Linux

Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún Linux ní ìwé ìtọ́nisọ́nà kan tí wọ́n ń pè ní man-pages. Ìsọ̀rí kejì rẹ̀ dá lórí àwọn ìpè tí ètò máa ń pe kẹ́nẹ̀lì, ìyẹn apá tó ń darí gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ náà. Ojú-ìwé ìpè kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní abala kan tó ń to àwọn àṣìṣe lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níbí ni pé àléébù tó wà nínú abala yìí jẹ́ ti gbólóhùn, àti pé onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ní ohun tó lè sọ sí i. Àpẹẹrẹ wa ni fsync.

Bí ètò kan bá kọ dátà sínú fáìlì, inú mẹ́mórì ni kẹ́nẹ̀lì sábà máa ń kọ́kọ́ fi í sí. Fsync ni ètò fi ń sọ fún un pé: gbé e dé dísíìkì, má sì dá mi lóhùn títí yóò fi débẹ̀. Bí ó bá yọrí sí rere, òdo ni èsì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, -1 ni, pẹ̀lú orúkọ àṣìṣe. Ọ̀kan nínú wọn ni EIO.

Ní 2018, ọ̀rọ̀ yìí di wàhálà fún àwọn tó ń ṣe PostgreSQL, ètò tó ń tọ́jú àkójọpọ̀ dátà. Ètò wọn máa ń tún fsync pè bí ti àkọ́kọ́ bá kùnà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìkùnà àkọ́kọ́, kẹ́nẹ̀lì lè ti sàmì sí dátà náà bí èyí tí kò nílò kíkọ mọ́. Ìpè kejì á wá mú òdo wá, bẹ́ẹ̀ dátà kò dé dísíìkì rárá. Wọ́n ní láti yí ètò náà padà: bí fsync bá kùnà, kí PostgreSQL dá ara rẹ̀ dúró, kí ó sì tún iṣẹ́ náà ṣe láti inú àkọsílẹ̀ tó ti kọ ṣáájú.

Kí ni ojú-ìwé náà sọ nípa EIO? Pé àṣìṣe ṣẹlẹ̀. Nínú gbólóhùn yìí, àṣìṣe fúnra rẹ̀ ni olùwà; kò sí olùṣe, kò sì sí ẹni tàbí ohun tí nǹkan ṣe. Bákan náà ni «se produire» rí nínú Faransé. Àfikún tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà dára: ó ṣàlàyé pé láti Linux 4.13, gbogbo ọ̀nà tí ètò ṣí sí fáìlì náà, tó ṣeé ṣe kí dátà ti gbà wọlé, ni ìròyìn àṣìṣe yóò dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ìròyìn ni èyí sọ. Kò sọ ipò tí dátà wà.

A lè jiyàn pé ìwà kẹ́nẹ̀lì yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, pé ìwé kò lè ṣèlérí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a lè kọ àìdánilójú náà sílẹ̀. Ojú-ìwé close ṣe bẹ́ẹ̀: ó ní bí àmì kan bá dá ìpè náà dúró, Linux ti tú fáìlì náà sílẹ̀, kí a má tún un pè, ó sì jẹ́wọ́ pé ètò míràn lè ṣe é lọ́nà míràn.

Ẹni tó bá ń tú fsync sí Yorùbá yóò tètè kọsẹ̀. Èdè wa kò ní ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìṣe bíi «est écrit». «Wọ́n kọ dátà náà» la ó sọ. Àwọn wo? Ètò ni, kẹ́nẹ̀lì ni, àbí dísíìkì? Síbẹ̀ «wọ́n» lè bo olùṣe mọ́lẹ̀ bí ti Faransé, nítorí náà òǹkọ̀wé ló gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀.

Àbá wa ni pé kí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn mẹ́ta: ohun tí kẹ́nẹ̀lì ṣe, ipò tí dátà wà, ohun tó yẹ kí ẹni tó pè é ṣe. Fún EIO: «Kẹ́nẹ̀lì kò rí dátà kan kọ sí dísíìkì. Ó ṣeé ṣe kí ó ti kà á sí èyí tó ti débẹ̀. Bí o bá tún fsync pè, má ṣe gba òdo gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.» A lo «ó ṣeé ṣe» dípò «lè», kí òǹkàwé má baà rò pé àyè ni a fún ẹnikẹ́ni.