Ìtàn Tó Ń Tú Àpò Olówó

Tírélà gbé ẹrù kúrò ní èbúté Àpápá, ó já a sí Kánò, ó sì padà lófìfo. Epo ń jó, owó kò wọlé. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan wà ní Kánò tó ń wá ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù tirẹ̀ bọ̀ wá sí Èkó. Ará Ajégúnlẹ̀, tí ìlà tírélà ti dí ọ̀nà mọ́, kò nílò àlàyé.

Iṣẹ́ ọpọlọ Obi Ozor àti Ife Oyedele II ní Kobo360, iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti so ọkọ̀ mọ́ ẹlẹ́rù, ni pé olówó òkè òkun náà rí ohun tí ará Ajégúnlẹ̀ ń rí. Nínú ìtàn náà, ìṣòro ló ṣáájú, ojútùú tẹ̀ lé e, ìṣirò wá jẹ́rìí: tírélà tó rí ẹrù lọ, tó rí ẹrù bọ̀, pawó lẹ́ẹ̀mejì nínú ìrìn kan. Ní 2019, Goldman Sachs, báńkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣáájú àwọn tó fi mílíọ̀nù 20 dọ́là sí iléeṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ ọnà gidi nìyẹn. Olùdókòwò lè gbàgbé àtẹ ìṣirò, kì í tètè gbàgbé awakọ̀ tírélà tó padà lófìfo. Ṣùgbọ́n kí asọ̀tàn ṣọ́ra: bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.