Irin Tí Kò Ṣẹ́, Eékún Tí Ń Ro: Àyẹ̀wò Èrò Tí Ó Bí Kẹ̀kẹ́ Raleigh Láti Ojú Olólùfẹ́ Rẹ̀ ní Adó-Àwáyè

Ìfáárà

Kò sí iṣẹ́ ọnà tí kò ní èrò tí ó bí i. Bí lámèyítọ́ ti ń yẹ ewì tàbí eré-onítàn wò kí ó lè mọ ohun tí òǹkọ̀wé rò nípa àwọn tí yóò kà á, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣeé ṣe láti yẹ ohun èlò wò, kí a sì mọ irú ojú tí ẹni tí ó ṣe é fi wo ẹni tí yóò lò ó. Kẹ̀kẹ́ ológeere Raleigh, èyí tí ó dúdú, tí ó ga, tí ó sì wúwo, ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí. Ní àwọn ọdún 1880 ni ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é bẹ̀rẹ̀ ní òpópónà Raleigh ní ìlú Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Frank Bowden ni ó sì sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ ńlá. Ibi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá dé, kẹ̀kẹ́ yìí kì í pẹ́ dé ibẹ̀. Ó dé Òkè-Ògùn.

Adó-Àwáyè, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn, ni ojúkò àyẹ̀wò yìí. Adágún Ìyàkẹ́ tí ó wà lórí òkè ni àlejò fi mọ ìlú náà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko fi mọ̀ ọ́n: òkúta, yangí, yanrìn, ibi tí ń gòkè àti ibi tí ń sọ̀ kalẹ̀. Olólùfẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Òun ni àgbẹ̀, olùkọ́ tàbí ahunṣọ tí ó gun Raleigh nígbà tí ọ̀kadà kò tíì gba ìgboro, tí kò sì tíì yé yìn ín, tí kò tíì yé ráhùn nípa rẹ̀.

Ìyìn tí ó tọ́ sí i

Irin pátápátá ni ilé-iṣẹ́ náà fi ń polówó kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní àbùmọ́. Àgbá ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ íǹṣì 28, wọ́n sì ga tó láti gun orí òkúta kéékèèké kọjá láìsubú sínú kòtò. Ara rẹ̀ kò dúró ṣánṣán. Ó rọ̀gbọ̀kú sẹ́yìn, irin tí ó di ẹsẹ̀ iwájú mú sì tẹ̀ síwájú bí ọwọ́ ẹni tí ń na nǹkan sí ènìyàn. Ìtẹ̀sí yìí ni kì í jẹ́ kí gbogbo gbọ̀ngbọ̀n ojú ọ̀nà dé ẹ̀yìn ẹni tí ó gùn ún. Ilé irin tí ó bo ṣéènì kì í jẹ́ kí eruku ọyẹ́ wọ inú rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ṣéènì gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Àwòrán orí ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn kan, ìbátan lékeléke, ni wọ́n gé sí ara irin eléyín tí ń fa ṣéènì náà. Ẹ̀wà ni èyí wà fún, nítorí kò fi kún agbára kẹ̀kẹ́ náà rárá.

Èdè Yorùbá pàápàá ti fi ipò kan fún un. Gígùn ni à ń gun kẹ̀kẹ́ bí a ti ń gun ẹṣin, ìjánu sì ni a ń pe ohun tí ó ń dá a dúró. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn Ọ̀yọ́, níbi tí ẹṣin ti jẹ́ àmì ọlá àti agbára ogun, ìyẹn kì í ṣe orúkọ lásán.

Ṣùgbọ́n ohun tí olólùfẹ́ náà yìn jù ni pé kẹ̀kẹ́ náà kì í yí padà. Bí bàbá bá ra tirẹ̀ ní 1955, tí ọmọ sì ra tirẹ̀ ní 1975, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ti bàbá ni yóò wọ ti ọmọ. Ẹni tí ó kọ́ àtúnṣe lórí ọ̀kan ti kọ́ ọ lórí gbogbo wọn.

Ibi tí ìráhùn ti bẹ̀rẹ̀

Àìyípadà kan náà yìí ni ẹ̀sùn. Láti 1903 ni Bowden ti dá ẹgbẹ́ tí ń ṣe jíà onípele mẹ́ta Sturmey-Archer sílẹ̀, jíà tí ń jẹ́ kí òkè rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn. Síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí ó wọ́pọ̀ ní ìgbèríko ni èyí tí kò ní ju ipele kan ṣoṣo lọ, tí òun fúnra rẹ̀ sún mọ́ kílò 20 kí a tó di iṣu tàbí ewé tábà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ní 1970, ilé-iṣẹ́ kan náà gbé Chopper jáde fún àwọn ọmọdé Gẹ̀ẹ́sì: ìjókòó gígùn, ọwọ́ gíga, jíà onípele mẹ́ta tí ọ̀pá rẹ̀ wà níwájú ìjókòó bíi ti ọkọ̀. Ọmọ tí ń ṣeré ní jíà, àgbẹ̀ tí ń ru ẹrù gun òkè kò ní. Ó ṣòro láti ka èyí sí àṣìṣe lásán.

Olólùfẹ́ náà lè gbèjà Raleigh pé ẹ̀yà wínníwínní pọ̀ nínú jíà náà, àti pé bí ó bá bàjẹ́ lóko, ta ni yóò tú u? Ìdáhùn náà ní òtítọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò tó. Àwọn tí ó kọ́ láti tú ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà palẹ̀ lẹ́bàá títì lẹ́yìn náà kò yàtọ̀ sí àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìjánu tún ń bẹ. Ọ̀pá irin ni ó ń fa rọ́bà mọ́ inú àgbá, àgbá náà sì jẹ́ irin dídán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò burú. Bí òjò bá rọ̀, irin tí ó tutù kì í gba ìjánu dáadáa, ẹni tí ń sọ̀ kalẹ̀ a sì máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ ran ìjánu lọ́wọ́.

Èyí tí ó dun olùtúnṣe jù ni ojú ìlà tí a fi ń lọ́ irin mọ́ irin. Ìlà 26 ni Raleigh ń gé sínú íǹṣì kan ní ọrùn kẹ̀kẹ́ àti ní ibi tí pẹ́dà ti ń yí, nígbà tí 24 jẹ́ àṣà ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì yòókù. Ẹ̀yà ilé-iṣẹ́ mìíràn kò ní wọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ìfẹ́ tí ó ní àgádágodo nínú ni. Yíyàn pàápàá ń dínkù: Raleigh ra Humber ní 1932, ó ra Rudge ní 1943, nígbà tí ó sì fi di 1960, òun àti Phillips àti Hercules ti di ará ilé kan náà.

Ti àwọn obìnrin kò gba àlàyé púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ṣe kẹ̀kẹ́ tí kò ní ọ̀pá àárín, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá àárín ni ó pọ̀ lójú ọ̀nà oko. Ìró kò bá ọ̀pá yẹn rẹ́. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìyàwó ti mọ Raleigh.

Ta ni ó parí iṣẹ́ náà?

Àwọn tí ń lò ó ni wọ́n parí ohun tí Nottingham kò parí. Wọ́n fi igi gbòòrò kún kárìà ẹ̀yìn kí ó lè gba àpò. Wọ́n la tíúbù ògbólógbòó di okùn rọ́bà tí ń di ẹrù mú. Bí òkè bá le jù, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa tì í, kẹ̀kẹ́ a sì di ọmọlanke ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Irin náà gba gbogbo rẹ̀. Bóyá ẹni tí ó yà á sórí ìwé rò ó bẹ́ẹ̀ tàbí kò rò ó, agbára tí ó fi sínú rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ọgbọ́n ẹlòmíràn, ìwọ̀nyí kò sì wọ́pọ̀ nínú ohun èlò òde òní. Ṣùgbọ́n ìròyìn ọgbọ́n náà kò padà dé inú àwòrán kẹ̀kẹ́. Kánò, níbi tí wọ́n ti wá ń to ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ fún Nàìjíríà, tẹ́jú ju Adó-Àwáyè lọ.

Ní apá kejì òkun, Alan Sillitoe, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Raleigh rí, tẹ ìtàn-àròsọ rẹ̀ *Saturday Night and Sunday Morning* jáde ní 1958. Ẹ̀rọ tí ń gé irin kan náà lójoojúmọ́ ni akọni ìtàn náà dúró tì, ilé-iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ni ó sì wà. Ohun tí ó sú ẹni tí ń ṣe é ní Nottingham ni ẹni tí ń lò ó ní Òkè-Ògùn ń fi òróró nù ní ọjọ́ Àìkú.

Ní 2002 ni ṣíṣe kẹ̀kẹ́ parí ní Nottingham. Àwòrán kẹ̀kẹ́ dúdú náà kò parí: Hero ní Íńdíà àti Flying Pigeon ní Ṣáínà ti ń ṣe irú rẹ̀ láti àwọn ọdún 1950, pẹ̀lú ọ̀pá ìjánu àti àgbá gíga. Olólùfẹ́ Raleigh a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé irin wọn fẹ́lẹ́. Síbẹ̀, bí ọ̀kadà ọmọ rẹ̀ kò bá ní epo, yóò gbé ti àtijọ́ náà kúrò lára ògiri, yóò fẹ́ táyà, yóò gùn ún títí dé ìsàlẹ̀ òkè, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ láti tì í.