Àdàpè Ọtí ní Ilé Adájọ́ Baldwin

Nínú àwọn eré orí amóhùnmáwòrán tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń rántí ayé àtijọ́, díẹ̀ ni ó gba ọkàn òǹwòran tó The Waltons, tí àwọn elédè Faransé mọ̀ sí La Famille des collines. Ilé-iṣẹ́ CBS ni ó gbé e jáde láti 1972 títí di 1981. Earl Hamner tí ó dá a sílẹ̀ wo ìgbà èwe ara rẹ̀ ní Schuyler, ní ìpínlẹ̀ Virginia, kí ó tó kọ ọ́. Ohùn tirẹ̀ gan-an ni a sì ń gbọ́ tí ń sọ ìtàn náà. Bàbá, ìyá, bàbá àgbà, ìyá àgbà àti ọmọ méje ń gbé abẹ́ òrùlé kan ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí owó ṣọ̀wọ́n jákèjádò Amẹ́ríkà. Wọ́n ń la pákó tà, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n sì ń kí ara wọn pé "ó dàárọ̀" láti yàrá dé yàrá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn. Ìkíni yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí eré náà. Ohun mìíràn ni ó gba àfiyèsí tiwa, ohun tí òǹwòran sábà máa ń fi ẹ̀rín kọjá: ọtí.

Kì í ṣe ilé Walton ni wọ́n ti ń sè é. Miss Mamie àti Miss Emily Baldwin, àgbà obìnrin méjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí kò lọ́kọ, ni wọ́n ń sè é nínú ilé ńlá tí bàbá wọn, Adájọ́ Baldwin, fi sílẹ̀ fún wọn. Àwọn ará orí òkè Virginia mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Wọ́n á rẹ àgbàdo lílọ̀ títí yóò fi kan, wọ́n á gbé e kaná nínú ìkòkò bàbà, ooru rẹ̀ á gba inú ọ̀pá tútù kọjá, á sì máa kán sílẹ̀ bí omi. Òru ni wọ́n ń ṣe é, kí agbófinró má baà rí èéfín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọtí náà ní orúkọ ìmọ́lẹ̀ òṣùpá. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ Adájọ́. "Recipe" ni wọ́n ń pè é, Recipe Bàbá, bí ẹni tí ń sọ ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ ń gbà se ọbẹ̀ ilá. Yorùbá ní àdàpè olè ni ọmọ ń fẹ́wọ́. Àdàpè ọtí nìyí.

Helen Kleeb àti Mary Jackson ni wọ́n ṣe àwọn obìnrin náà, wọ́n sì ṣe é dé ojú àmì. Bí wọ́n ṣe ń dárúkọ bàbá wọn ni ẹni ń dárúkọ òrìṣà ilé. Wọn kò ṣẹ́jú sí òǹwòran, wọn kò fi hàn pé àwọn mọ̀ pé àwọn ń panilẹ́rìn-ín. Ṣé wọ́n mọ̀ pé ọtí ni, àbí wọn kò mọ̀? Eré náà kò dáhùn, a sì gbà pé ọgbọ́n ni.

Ibi tí a ti ń bá òǹkọ̀wé náà jà ni ibi tí ó gbé ìkòkò náà sí. Olivia, ìyá ilé Walton, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, kò fẹ́ kí ọtí wọ ilé òun. Esther, ìyá ọkọ rẹ̀, kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Bàbá àgbà Zeb ní láti máa wá àwáwí tí yóò gbé e lọ kí àwọn ọmọ Adájọ́. Báyìí ni ilé Walton fi ń mọ́ tónítóní: gbogbo ènìyàn mọ ibi tí ọtí wà, àwọn ọkùnrin ń gbádùn rẹ̀, ẹ̀bi rẹ̀ sì wà ní ilé ẹlòmíràn.

Ìgbà kan wà tí àdàpè náà ṣe ènìyàn níbi. Nínú ìpín tí wọ́n pè ní "The Sinner", ọ̀dọ́ oníwàásù kan, Matthew Fordwick, dé sí abúlé pẹ̀lú ìwàásù iná ọ̀run àpáàdì. John Ritter ni ó ṣe é. Ó lọ kí àwọn ọmọ Adájọ́, wọ́n bu Recipe fún un gẹ́gẹ́ bí àlejò, ó mu ún láìmọ̀ pé ọtí ni, ó sì yó. Ìtìjú náà di tirẹ̀ níwájú ìjọ. Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i pé ọtí nìkan kọ́ ni ó ṣubú lu ọkùnrin yìí. Orúkọ tí wọ́n pè é ni. Ká ní ẹnì kan sọ fún un pé ọtí líle ni, kì bá ti fẹnu kàn án.

Ohun tí eré náà kò fi hàn wá tóbi ju èyí lọ. Òfin Amẹ́ríkà ka ọtí léèwọ̀ láti 1920 di ìparí 1933, Virginia sì ti ṣáájú pẹ̀lú òfin tirẹ̀ láti 1916. Lẹ́yìn 1933, olórí ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ń sè ọtí ní ìkọ̀kọ̀ lójú ìjọba àpapọ̀ ni pé kò san owó orí rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Ní 1935, ní ìlú Roanoke nínú Virginia kan náà, ìjọba àpapọ̀ gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn agbègbè Franklin lọ sí ilé ẹjọ́, agbófinró sì wà lára wọn. Ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n dìmọ̀ pọ̀ láti máa gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń sè ọtí kí wọ́n lè ṣe é láìsan owó orí. Agbẹjọ́rò ìjọba ní agbègbè náà, Carter Lee, wà lára àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀, ó dá àwọn mìíràn lẹ́bi. Sherwood Anderson lọ jókòó níbi ìgbẹ́jọ́ náà, ó sì kọ ìwé Kit Brandon ní 1936 nípa ayé àwọn tí ń fi ọkọ̀ kó irú ọtí bẹ́ẹ̀. Nínú ayé yẹn, àgbẹ̀ tí àgbàdo rẹ̀ kò mówó wọlé ni ó ń sè ọtí kí ó lè ra bàtà fún ọmọ. Òmíràn ń fi ohun èlò inú ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ọ̀pá ìsetí, òjé inú rẹ̀ sì ń pa ẹni tí ó bá mu ọtí náà.

Níbo ni àgbẹ̀ yìí wà lórí òkè Walton? Ọmọ adájọ́ ni wọ́n fi sí ipò rẹ̀, nínú ilé ńlá, pẹ̀lú ife dídán. Bàbá tí ń dá arúfin lẹ́jọ́ ní kóòtù ni ó ní ìkòkò ọtí nílé, àwa òǹwòran sì ń rẹ́rìn-ín. Bí ìkòkò náà bá jẹ́ ti tálákà, àáké ni wọn ìbá fi fọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa ní Kétu, ní Sábẹ àti ní Àjàṣẹ́. Àwa náà ní sódábì, tí a ń sè láti ara ẹmu, tí ìjọba amúnisìn kà léèwọ̀ nígbà tí ọtí òyìnbó ń wọlé láti èbúté tí ó sì ń san owó ibodè. A ń ka àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí ìgbà àwọn bàbá ńlá wọn. Sódábì wà níbẹ̀ níbi ìdána, ó wà níbi ètùtù, ó ń dán nínú ife. Ẹni tí ó dúró ti iná láti òwúrọ̀, tí èéfín ń ta lójú, kì í sí níbẹ̀. A kò bá àwọn ọmọ wí. Irú eré tí wọ́n ń wò ni ó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀ a kò ní kí ẹnikẹ́ni má wo The Waltons. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó jinlẹ̀ ju àwàdà lọ. Emily a máa sọ ìtàn Ashley Longworth, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣoṣo tí ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu rí, nígbà tí ewé igi ń já bọ́ lé wọn lórí. Bàbá rẹ̀ lé ọmọkùnrin náà lọ. Obìnrin náà darúgbó sínú ilé bàbá kan náà, ó ń sè ọtí bàbá kan náà, ó sì ń yìn ín. Kò sí ẹnì kan nínú eré náà tí ó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n Mary Jackson fi ojú rẹ̀ so wọ́n pọ̀ fún ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó. Ẹni tí kò bá ní àyè ju ti ìpín kan lọ, "The Sinner" ni kí ó wá. Kí ó má wo oníwàásù tí ó yó nìkan. Ọwọ́ àwọn obìnrin méjèèjì ni kí ó máa wò nígbà tí wọ́n bá ń bu Recipe.