Oògùn Bàbá, Àjẹ́ Ìyá: Àtúnkà Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀

Ìfáàrà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìtàn àròsọ Yorùbá, ọ̀dọ̀ D. O. Fágúnwà ni a ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Ayọ̀ Bámgbóṣé sì fi odidi ìwé kan ṣe lámèyítọ́ àwọn ìtàn àròsọ Fágúnwà ní 1974. Àwọn onímọ̀ ti sọ púpọ̀ lórí ẹ̀sìn, àlọ́ àti ọnà èdè nínú iṣẹ́ rẹ̀, a kò sì ní tún un sọ níhìn-ín.

Ohun tí ó bí iṣẹ́ yìí kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan dìde ní kíláàsì, ó ní òun kò ní ka ìwé náà nítorí pé oògùn pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìgbàgbọ́ òun kò sì fàyè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé Harry Potter sì wà lórí tábìlì rẹ̀. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo tún ìwé Fágúnwà kà láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ mi mọ́. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí nàka sí kò tọ̀nà, àmọ́ oògùn inú ìwé náà ní ohun kan nínú tí ó yẹ kí ó kọ olùkọ́ lóminú.

Egbé àti Àgbákò

Orúkọ Àkàrà-Ògùn nìkan ti tó láti sọ irú ẹni tí ó jẹ́. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, ó sì jẹ́ olóògùn paraku. Ọmọ náà jogún ìbọn, ó jogún àdó. Nínú ìrìnàjò rẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí ẹ̀rù bà á nínú igbó, egbé ni ó lò, ó sì bá ara rẹ̀ nílé. Ibí yìí ni àríwísí wa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ní egbé lápò, kí ni òǹkàwé yóò tún máa bẹ̀rù fún un? Bí ó bá lè kúrò nínú ewu nígbà tí ó bá wù ú, dídúró rẹ̀ ni ó wá nílò àlàyé, òǹkọ̀wé kì í sì í ṣe àlàyé náà ní gbogbo ìgbà.

Ìgbà tí ó bá Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún pàdé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ja ìjàkadì, ó sì rẹ̀ wọ́n. Mo ti ka ibẹ̀ sókè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì sí ọdún kan tí kíláàsì kì í pa rọ́rọ́. Ní tèmi, ibi tí oògùn kò ti lè dá iṣẹ́ náà ṣe ni ìwé náà ti dára jù.

Àwọn kan yóò sọ pé inú àlọ́ ni Fágúnwà ti mú àṣà yìí, pé kò sí ẹni tí í béèrè òfin lọ́wọ́ oògùn inú àlọ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí àlọ́ Ìjàpá àti Yánníbo ìyàwó rẹ̀ tí ó ń wọ́mọ. Babaláwo se àsèjẹ fún obìnrin, ó kìlọ̀ fún ọkọ kí ó má tọ́ ọ wò. Ọ̀kánjúà kò jẹ́ kí ọkọ gbọ́, ó jẹ ẹ́, ikùn rẹ̀ sì wú. Oògùn yẹn ní èèwọ̀, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Oògùn inú àlọ́ le ju ti inú ìwé Fágúnwà lọ ní ọ̀nà yìí.

Ní ti èdè, n kò ní àríyànjiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Bí Fágúnwà ṣe ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ lórí, tí ó ń fi gbólóhùn kan pe èkejì bí ẹni ń pọfọ̀, òun gan-an ni oògùn tí ó mú mi láti ọmọdé, kò sì tíì jáwọ́ lára mi.

Agbára Ọkùnrin, Agbára Obìnrin

Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà ni ọ̀rọ̀ ti wúwo. Bàbá Àkàrà-Ògùn ní oògùn lóríṣiríṣi, asọ̀tàn sì fi èyí yangàn. Ìyá rẹ̀ náà ní agbára, ṣùgbọ́n àjẹ́ ni a pe tirẹ̀, ìpànìyàn nìkan ni a sì gbọ́ pé ó fi ṣe. Bàbá yìnbọn fún ẹranko kan, ó wá rí i pé ìyàwó òun ni: apá kan ara rẹ̀ jẹ́ ènìyàn, apá kan jẹ́ ẹranko. Ọmọ tí obìnrin náà bí ni ó ń sọ ìtàn yìí, kò sì dúró pẹ́ níbẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi bá a nínú igbó.

Lẹ́yìn náà, nígbà tí ọba rán àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó, Kákò pa obìnrin tí kò fẹ́ kí ó fi òun sílẹ̀. Ìrìnàjò ń tẹ̀ síwájú. A ó pàdé Ìrágbèje, ọjọ́ méje ni yóò fi gbà wá níyànjú lórí ìwà, n kò sì lè ka ìmọ̀ràn náà láìrántí ẹni tí a fi sílẹ̀ sẹ́yìn.

Òótọ́ ni pé Ìrànwọ́ wà nínú ìwé náà, obìnrin ni, agbára rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá abàmì ni. Kì í ṣe obìnrin ilé tí ń dáná, tí ń bímọ, tí orogún rẹ̀ ń wò lójú. Irú obìnrin ìkẹyìn yìí gan-an ni wọ́n máa ń ka ẹ̀sùn àjẹ́ sí lẹ́sẹ̀ ní àdúgbò wa. Òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa ka pípe ènìyàn ní àjẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ a ń gbọ́ ìròyìn àwọn ìyá arúgbó tí wọ́n ń lù. Ọmọ ọdún méjìlá tí ó bá ka ojú ewé wọ̀nyẹn, tí olùkọ́ rẹ̀ kò sì sọ nǹkan kan, kí ni yóò rò nípa ìyá àgbà tí ń gbé lẹ́yìn ilé wọn?

A lè gbèjà òǹkọ̀wé pé ohun tí àwùjọ rẹ̀ gbà gbọ́ ní 1938 ni ó kọ. Mo gba èyí, àmọ́ ìdajì ìdáhùn ni. Fágúnwà mọ bí a ṣe ń padà sẹ́yìn láti fún ẹ̀dá ìtàn ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní 1949, ó fi odidi Igbó Olódùmarè sọ ìtàn Olówó-Ayé, bàbá Àkàrà-Ògùn kan náà. Kò kọ irú rẹ̀ fún ìyá.

Nínú Kíláàsì

N kò ní yọ ìwé náà kúrò nínú ohun tí à ń kọ́. Ẹni tí kò bá kà á kò tíì mọ ohun tí èdè Yorùbá lè ṣe lórí ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ padà kà á, bóyá nítorí máàkì ni o. Nígbà tí ó parí rẹ̀, kò mẹ́nu ba ẹ̀sìn mọ́. Ó béèrè bóyá ìwé kan wà níbi tí ìyá náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní kò sí. Mo wá fún gbogbo kíláàsì ní iṣẹ́ àṣetiléwá, pé kí oníkálùkù kọ ojú ewé méjì bí ẹni pé ìyá náà ni ó ń sọ ọ́.

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kọ kò yàtọ̀ sí ti Fágúnwà: ìyá náà jẹ́wọ́, ó sì ka iye ènìyàn tí ó pa. Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin yẹn ni ó kọ ọ́ pé ebi ni ó lé ìyá jáde ní òru ọjọ́ náà, pé ó ń wá ohun tí àwọn ọmọ yóò jẹ ni, kí ó tó gbọ́ ìró ìbọn.