Eegun Ọrùn Ọwọ́ àti Ọjọ́ Orí: Àgbéyẹ̀wò Ìwádìí FIFA lórí Àwọn Ọ̀dọ́ Agbábọ́ọ̀lù

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí fi yé ni pé ohun kan wà tí ọjọ́ orí nìkan ní í kó jọ fún ènìyàn. Nínú eré ìdárayá ti àwọn ọ̀dọ́, òdìkejì òwe náà ni ó máa ń fa wàhálà: ẹni tí ó ti ní àkísà a wá aṣọ ọmọdé wọ̀, kí ó lè bá àwọn ọmọdé du ife.

Láti ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá sí ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2009, Nàìjíríà gba àlejò ìdíje ife àgbáyé FIFA fún àwọn ọ̀dọ́ tí ojú ọjọ́ orí wọn jẹ́ 17. Ìlú mẹ́jọ ni a ti gbá bọ́ọ̀lù náà. Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ní pápá ìṣeré Gateway tí a ń fi orúkọ Dípò Dínà pè lónìí. Ìdíje yìí ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí FIFA ti fi ẹ̀rọ MRI yẹ ọrùn ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù wò láti mọ ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ààlà. Kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé agbábọ́ọ̀lù 15 ni Nàìjíríà yọ kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí àyẹ̀wò yìí.

Kì í ṣe ète bébà yìí láti gbèjà ẹni tí ó purọ́ ọjọ́ orí. Ète rẹ̀ ni láti yẹ ìwádìí tí ó bí àyẹ̀wò náà wò, bí lámèyítọ́ ti í yẹ ìwé wò: ìbéèrè wo ni ó béèrè, ìdáhùn wo ni ó rí, ǹjẹ́ ìdáhùn náà sì bá ohun tí a wá lò ó fún mu?

2. Ohun tí Ìwádìí náà Ṣe

Ní ọdún 2007 ni Jiri Dvorak, tí ó jẹ́ olórí àwọn oníṣègùn FIFA nígbà náà, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí yìí jáde nínú British Journal of Sports Medicine. Ọ̀dọ́mọkùnrin agbábọ́ọ̀lù 496 ni wọ́n yẹ̀ wò. Ọjọ́ orí àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti 14 títí dé 19, orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni wọ́n sì ti wá: Swítsálándì, Màléṣíà, Àljíríà àti Ajẹntínà.

Orí ìlànà kan tí ó yé ni yékéyéké ni iṣẹ́ náà dúró lé. Ní ìparí eegun apá tí ó wà ní ìhà àtàǹpàkò, nítòsí ọrùn ọwọ́, ohun rírọ̀ kan wà tí kò tíì di eegun. Ibẹ̀ ni eegun ti ń gùn sí i nígbà tí ọmọ ń dàgbà. Nígbà tí ọmọ bá bàlágà, họ́mọ́nù ara rẹ̀ a máa sọ ohun rírọ̀ yìí di eegun díẹ̀díẹ̀, títí ojú ibẹ̀ yóò fi dí pátápátá. Àwọn olùwádìí pín dídí yìí sí ipele mẹ́fà. Ipele kìíní ni ti ẹni tí tirẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Ipele kẹfà ni ti ẹni tí tirẹ̀ ti dí tán. Nínú àwọn ọmọ ọdún 16 tí wọ́n yẹ̀ wò, ẹnì kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún, ni ó ti dé ipele kẹfà. Lórí èyí ni a gbé ìdájọ́ kà: ẹni tí eegun rẹ̀ bá ti dí tán, ó ṣòro kí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16.

3. Ibi tí Iṣẹ́ náà Ti Yẹ ní Ìyìn

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ fi ohun tí ó dára hàn. Èkíní, àwọn olùwádìí kò lo ẹ̀rọ ìyàwòrán eegun ti àtijọ́, nítorí ìtànṣán rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a máa rọ̀jò lé ọmọ tí ara rẹ̀ le lórí nítorí eré lásán. MRI kò ní irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀.

Èkejì, ìṣòro tí iṣẹ́ náà dojú kọ kì í ṣe àròsọ. Ìmọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà eré ti fi hàn pé láàárín ọdún 13 sí 17, ara ọmọkùnrin a yí padà gidigidi. Ọkàn rẹ̀ a tóbi sí i, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a lè gbé ọ́síjìn púpọ̀ sí i, họ́mọ́nù ọkùnrin a mú kí iṣan rẹ̀ nípọn. Nítorí náà, bí ọmọ ọdún 19 bá bá ọmọ ọdún 16 sáré lé bọ́ọ̀lù, kì í ṣe ẹ̀bùn wọn nìkan ni ó ń díje. Ọdún mẹ́ta wà lára ọ̀kan tí kò sí lára èkejì. Ọmọ tí ó gbọ́n tí ó sì mọ bọ́ọ̀lù í gbá ni ó máa ń sọ àyè rẹ̀ nù.

Ẹ̀kẹta, Nàìjíríà kò lè sọ pé òun kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1989, FIFA fòfin de orílẹ̀-èdè yìí fún ọdún méjì nínú gbogbo ìdíje àwọn ọ̀dọ́, nítorí pé ọjọ́ ìbí tí a kọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù kan kò bá èyí tí a ti kọ fún wọn tẹ́lẹ̀ mu. Ìdíje ọ̀dọ́ ti ọdún 1991 tí ó yẹ kí ó wáyé níbí sì bọ́ lọ́wọ́ wa. Adìẹ funfun tí kò mọ ara rẹ̀ lágbà, ẹlòmíràn ni yóò bá a ka ọjọ́ orí rẹ̀.

4. Àléébù Iṣẹ́ náà

Àléébù tí ó jinlẹ̀ jù ni pé ìbéèrè kan ni a béèrè, ìdáhùn ìbéèrè mìíràn ni a sì gbà. Ohun tí FIFA fẹ́ mọ̀ ni ọjọ́ tí a bí ọmọ. Ohun tí eegun lè sọ ni ibi tí ìdàgbà ara dé. Àwọn méjèèjì jọ ń rìn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìbejì. Ìwádìí náà fúnra rẹ̀ fi ìwọ̀n ìbátan tí ó wà láàárín ọjọ́ orí àti ipele eegun sí 0.69. Bí a bá fi ojú ìṣirò wò ó, èyí túmọ̀ sí pé ọjọ́ orí kò ṣàlàyé tó ìdajì nínú ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín eegun ọmọ kan àti ti òmíràn.

Àléébù kejì wà nínú kàlẹ́ńdà. Òfin ìdíje ọdún 2009 ni pé kí agbábọ́ọ̀lù jẹ́ ẹni tí a bí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1992 tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí a bá bí ní ọjọ́ náà gan-an yóò ti lé oṣù mẹ́wàá lórí ọdún 17 nígbà tí a gbá àṣekágbá ní Àbújá. Kò rú òfin kankan, síbẹ̀ orí àwọn ọmọ ọdún 16 ni ìdá 0.8 yẹn dúró lé. Àní bí gbogbo wọn bá tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 16, ẹgbẹ́ 24 tí ó kó ènìyàn 21 wá lọ́kọ̀ọ̀kan jẹ́ agbábọ́ọ̀lù 504, ìdá 0.8 nínú wọn jẹ́ ọmọ mẹ́rin. Ọmọ mẹ́rin tí kò purọ́ lè gba orúkọ òpùrọ́. Iye náà kéré lójú àjọ tí ó ń ṣètò ìdíje, ṣùgbọ́n kò kéré lójú ìyá tí ó bí ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tí a yàn. Nínú orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí a kà sókè yìí, kò sí ọ̀kan tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àljíríà wà ní Áfíríkà lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí òkun àríwá ni ó wà. Oúnjẹ, àìsàn ìgbà èwe àti ìran tí ènìyàn ti wá lè mú kí eegun yá tàbí kí ó pẹ́. Òṣùwọ̀n tí a kò fi wọn nǹkan ní ọjà Òkè-Àjé rí, kò yẹ kí a fi í dájọ́ ẹni tí ó ń tajà níbẹ̀ láìkọ́kọ́ dán an wò.

Ẹ̀kẹrin, àwọn tí a ń mú sínú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kì í ṣe ọmọ bí ọmọ. Àwọn tí ara wọn tètè gbó ni akọ́nimọ̀ọ́gbá máa ń rí kíákíá, nítorí pé wọ́n ga, wọ́n lágbára, wọ́n sì yára. Robert Malina, onímọ̀ ìdàgbà ọmọ ní Amẹ́ríkà, tẹnu mọ́ kókó yìí ní ọdún 2011: àwọn ọmọkùnrin kan wà tí eegun wọn ti gbó tán kí wọ́n tó kọjá ààlà, àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ti kọjá ààlà tí eegun wọn kò tíì dí. Èyí ni pé àyẹ̀wò kan náà lè dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi, kí ó sì jẹ́ kí ẹlẹ́ṣẹ̀ kọjá. Ó yẹ kí a rántí pẹ̀lú pé nígbà tí a dán àyẹ̀wò yìí wò lára àwọn ọmọbìnrin, àwọn olùwádìí sọ ní ọdún 2016 pé kò yẹ kí a lò ó fún wọn, nítorí pé eegun tiwọn ń tètè dí. Ìmọ̀ tí ó mọ ààlà ara rẹ̀ ní ìhà kan, ó yẹ kí ó wá ààlà náà ní ìhà kejì.

5. Ọjọ́ Orí lójú Ìjẹ̀bú

Ìlú tí a ti gbá bọ́ọ̀lù yìí ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó ń gbà ka ọjọ́ orí. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni a fi ń mọ ẹni tí í ṣe ojúgbà ẹni. Àwọn tí a bí láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta síra wọn ni ó máa ń wà nínú ẹgbẹ́ kan. Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ tí ó gorí oyè ní 1960 tí ó sì wàjà ní 2025, ni ó jí ètò náà dìde. Ní Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a jáde nínú aṣọ wọn láti kí ọba.

Bí a bá fi ètò yìí wé ti FIFA, nǹkan méjì hàn. Lọ́nà kan, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kò lè yanjú ẹjọ́ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, nítorí ààyè ọdún mẹ́ta gbòòrò jù. Lọ́nà kejì, eegun fúnra rẹ̀ kò ka ọjọ́. Òun náà ń kà bí Ìjẹ̀bú ti ń kà ni. Láàárín àwọn ọmọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ìyàtọ̀ tó ọdún mẹ́ta lè wà nínú bí eegun wọn ṣe gbó tó. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé Ìjẹ̀bú mọ̀ pé ẹgbẹ́ ni òun ń kà, kò sì fi í ṣe ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. FIFA ka ẹgbẹ́, ó sì kéde ọjọ́.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú rẹ̀. Nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹnì kan kì í dá sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ dàgbà ni ẹlẹ́rìí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Eegun jẹ́ ẹlẹ́rìí pàtàkì, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo.

6. Àsọkágbá

Ìwádìí ọdún 2007 yìí jẹ́ iṣẹ́ gidi. Bí a bá kà á gẹ́gẹ́ bí ìwádìí lórí ìgbó ara, ó kẹ́sẹ járí. Bí a bá kà á gẹ́gẹ́ bí adájọ́, ó ju agbára rẹ̀ lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi eegun. Ẹ̀bi àwọn tí wọ́n sáré gbé e sórí àga ìdájọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ìpín tiwa náà wà níbẹ̀. Ọdún 1992, ọdún kan náà tí FIFA fi ṣe ààlà, ni ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin tí ó sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí di dandan. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ṣì gbára lé ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí a gbà ní kóòtù lẹ́yìn tí ọmọ ti dàgbà. Níbi tí ìwé kò bá ti lè sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ni yóò gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tí ó kù kò jìnnà sílé. Ní Ìjagun, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni yunifásítì ẹ̀kọ́ Tai Solarin wà, èyí tí ìpínlẹ̀ Ògùn dá sílẹ̀ ní 2005 tí ó sì di ti ìjọba àpapọ̀ ní 2025. Níbẹ̀ ni a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá. Bí àwọn olùwádìí bá lè yan àwọn ọmọkùnrin tí a kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n tẹ̀ lé wọn lọ́dọọdún láti 13 títí dé 19, kí wọ́n máa wọn gíga wọn, agbára ẹsẹ̀ wọn àti eegun ọrùn ọwọ́ wọn, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn àwọn ọmọ wa yóò wá jẹ́ èyí tí a ti fi wọ̀n wọ́n rí. Títí di ìgbà náà, ọmọ tí ẹ̀rọ bá pè ní àgbà ṣì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé: ta ni a fi mí wé?