Títì Bàálù Gùn Sí I, Ta Ni Yóò Wọ Bàálù?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Dúgbẹ̀, mo bá àwọn ẹgbẹ́ a-ka-ìwé-ìròyìn-lọ́fẹ̀ẹ́ nídìí tábìlì ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn. Ẹ kúkú mọ̀ wọ́n: wọn kì í ra ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọn kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ pápá ọkọ̀ òfurufú Alákìá ni wọ́n ń jà lé lórí lọ́jọ́ náà. Bàbá kan tó wọ agbádá tó ti ṣá ní, "Ìbàdàn ti di Lọ́ndọ̀nù nìyẹn! Láìpẹ́, láti Alákìá la ó ti máa gbéra lọ sí Mẹ́kà tààrà." Awakọ̀ Micra kan tó ń dúró de èrò dá a lóhùn pé, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀yin ti wọ bàálù rí?" Bàbá dákẹ́. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, bàbá náà sì bá wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn bá mi délé ní Bódìjà, kò jẹ́ kí n sinmi.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sí lára àwọn tí inú wọn kì í dùn bí nǹkan bá fẹ́ gún régé n'Íbàdàn. Ìlú tó ti ní yunifásítì láti 1948, tó ní UCH láti 1957, tó sì ní IITA láti 1967, kò yẹ kó jẹ́ pé Ìkẹjà ni àwọn èèyàn rẹ̀ yóò máa sáré lọ kí wọ́n tó rí bàálù wọ̀. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ yìí dára ni mo ṣe fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí lè má mọ̀ pé Alákìá kọ́ ni bàálù ti kọ́kọ́ ń balẹ̀ nílùú yìí. Sámọ́ńdà ni pápá àtijọ́ wà. Títí di òní, Aerodrome ni wọ́n ń pe àdúgbò kan níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ló kún ibẹ̀ báyìí. Alákìá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, ni wọ́n gbé pápá tuntun lọ. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, àjọ FAAN ló ń bójú tó o. Ní 2023, wọ́n fi orúkọ Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá sọ ọ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n fi orúkọ Awólọ́wọ̀ sọ ti Port Harcourt, ṣùgbọ́n àlọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ní 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ Gómìnà Ṣèyí Mákindé fọwọ́ sí owó tó lé ní bílíọ̀nù 41 náírà láti sọ ọ́ di pápá tí bàálù yóò ti máa lọ sókè òkun.

Bílíọ̀nù 41! Owó ìpínlẹ̀ ni, lórí dúkìá ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé sórí ilẹ̀ àna rẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gba ìwé lọ́wọ́ àna, kí ìfẹ́ má baà di ẹjọ́. Ta ni yóò máa gba owó tí bàálù bá san nígbà tó bá balẹ̀? Bí gómìnà bá yí padà, tàbí tí mínísítà bá yí padà, àdéhùn wo ló wà nílẹ̀? Àwa tí wọ́n ń ná owó wa lẹ́tọ̀ọ́ láti ka ìwé àdéhùn yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo títì bàálù fúnra rẹ̀, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn ń pariwo. Èyí tó wà ní Alákìá kí iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 2,400 mítà. Òótọ́ ni pé ó kéré fún bàálù arabaríbí tó fẹ́ gbé epo àti ẹrù kíkún lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ooru wa náà tún dá kún un. Bí oòrùn bá mú gan-an, afẹ́fẹ́ a fúyẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ìyẹ́ bàálù mọ́, bàálù a sì ní láti sáré jìnnà kó tó lè gbéra. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n Boeing 737 tó ń ná Àbújá ń balẹ̀ lórí 2,400 mítà láìsí wàhálà. ATR tó ń kó bí èèyàn 70 kò tilẹ̀ nílò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe kíkúrú títì ló ń fà á tí bàálù fi ṣọ̀wọ́n ní Alákìá.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú sí Àbújá. A ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tí yóò gbéra ní Alákìá ní aago 10 àárọ̀, kó lè débẹ̀ kí wọ́n tó gbé òkú sin lọ́jọ́ kejì. Èmi ni mo gbé e lọ. Aago 10 lù, a ò rí bàálù. Aago 12, wọ́n ní ó ti ń bọ̀. Nígbà tó di aago 3, ọmọbìnrin kan jáde, ó ní nítorí ìdí iṣẹ́, bàálù ò wá mọ́. Ìdí iṣẹ́ wo? Kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi wọ mọ́tò lóru náà. Kó tó dé, wọ́n ti sin màmá, wọ́n ti bo ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá dárúkọ Alákìá létí rẹ̀, yóò kàn mi orí ni. Ẹ má bi mí ní orúkọ iléeṣẹ́ bàálù ọ̀hún. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé títì bàálù wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, 2,400 mítà gbáko, ó tẹ́ sílẹ̀ nínú oòrùn, kò sí bàálù lórí rẹ̀.

Kí ló ń fa irú rẹ̀? Bàálù kan ṣoṣo lè ná ọ̀nà mẹ́rin márùn-ún lóòjọ́. Bó bá pẹ́ ní ìlú àkọ́kọ́, yóò pẹ́ ní ìkejì. Nígbà tí ọwọ́ bá dí, ibi tí èrò ò pọ̀ sí ni wọ́n máa kọ́kọ́ fò. Èyí tó tún burú jù ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, Alákìá jẹ́ pápá tó ń tilẹ̀kùn bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, nítorí kò sí iná tí awakọ̀ bàálù yóò fi rí títì lóru. Bàálù tó bá ti pẹ́ lọ́sàn-án, ó ti tán fún un nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá 2023, bàálù kékeré kan tó gbé Olóyè Adébáyọ̀ Adélabú, tó jẹ́ mínísítà fún iná mànàmáná nígbà náà, já sínú igbó lẹ́bàá pápá yìí. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ẹnikẹ́ni ò kú. N kò wá ṣe iṣẹ́ àwọn tó ń wádìí ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ọjọ́ yẹn tí kò ronú kan iná àti ẹ̀rọ tó ń tọ́ bàálù sọ́nà kó tó ronú kan gígùn títì, mi ò mọ ohun tá a máa sọ fún un.

Àwọn kan á ní, "Bí ò bá sí èrò, ṣebí ẹrù oko wà?" Ẹrù wo? Kòkó wa, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e lọ sókè òkun, owó bàálù á jẹ èrè rẹ̀ tán. Ohun tó yẹ bàálù ni ohun tó ń tètè bàjẹ́. Òdòdó àti ẹ̀wà tútù ni àwọn ará Kẹ́ńyà ń fi bàálù kó lọ sí Yúróòpù láti Nàìróbì, ó sì ń mówó wọlé fún wọn. Ṣùgbọ́n láti oko títí dé ẹnu bàálù, inú òtútù ni wọ́n ń gbé e sí, ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ á sì pé. Lọ́dọ̀ tiwa, ní 2015, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ wa nítorí oògùn apakòkòrò tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣé títì bàálù ló kúrú nígbà yẹn? Ata àti tòmátì tó ń jẹrà lójú wa ní ọjà Bódìjà, yàrá òtútù ló nílò kó tó nílò Boeing.

Ẹ tún wo àyíká wa. Ìlọrin àti Àkúrẹ́ ti ní tiwọn tipẹ́. Èkìtì kọ́ tiwọn. Ògùn kọ́ tiwọn sí Ìpẹru, lójú ọ̀nà wa sí Èkó níbí. Láti 1978 la sì ti ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Láti 2021 ni rélùwéè tuntun ti ń ná Mọ́níyà. Gbogbo wọn ló ń du èrò kan náà. Bí a kò bá fi ìṣirò ṣe é, a ó kàn máa fi títì bàálù fa kèrègbè ìyangàn láàárín ara wa ni.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní Sípéènì, wọ́n kọ́ pápá ńlá kan sí Ciudad Real, títì rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi 4,000 mítà. Ní 2012, wọ́n tì í nítorí bàálù ò wá. Ní Sri Lanka, wọ́n ṣí pápá Mattala ní 2013. Èrò ò wá, ó di pé wọ́n ń kó ìrẹsì pamọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ẹnugu, ní 2013 kan náà, Ethiopian Airlines bẹ̀rẹ̀ sí í ná ibẹ̀ láti Adis Ababa, nítorí àwọn oníṣòwò tó ń wọ bàálù ti wà nílẹ̀ kí bàálù tó dé. Ẹ rí ìyàtọ̀ ibẹ̀.

Kí ni mo wá ń fẹ́? Kí iná àti ẹ̀rọ atọ́nà ṣáájú ohun gbogbo, kí bàálù lè balẹ̀ lóru. Kí ìjọba bá àwọn iléeṣẹ́ bàálù ṣe àdéhùn tó ní ìjìyà nínú, kí ẹni tó bá fi èrò sílẹ̀ láìnídìí lè sanwó. Kí ẹni tí iṣẹ́ bá gba ilẹ̀ tàbí oko rẹ̀ gba owó rẹ̀ kí katakata tó dé orí ebè. Kí bọ́ọ̀sì máa ná Ìwó Róòdù sí Alákìá lásìkò tí bàálù bá ń balẹ̀. Kí wọ́n sì máa kéde iye èrò tó wọlé àti iye tó jáde lóṣooṣù, kí gbogbo ayé rí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún bá awakọ̀ Micra yẹn pàdé ní Dúgbẹ̀. Mo bi í, "Ìwọ ńkọ́, ṣé o máa wọ bàálù Alákìá bí wọ́n bá ṣe é tán?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀dá, níbo ni màá ti rówó ẹ̀? Èrò tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ẹ̀ lèmi fẹ́ gbé." Lójú tèmi, òun ló mọ ohun tí pápá ọkọ̀ òfurufú wà fún. Bí wọ́n bá ṣe é tán, ẹ má lọ wọn títì. Ẹ lọ bi àwọn awakọ̀ tó wà lẹ́nu géètì Alákìá pé èrò mélòó ni wọ́n gbé lónìí.