Àwọn Tó Ń Ka Ìjàpá ní Aṣálẹ̀ Mojave

Oòrùn kò tíì ga nígbà tí àwọn méjì náà ti dúró sí ibi tí GPS ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni iwájú wo kọ́ńpáàsì, ó fa okùn dání, ó gbéra. Ẹni ẹ̀yìn di ojú kejì okùn náà mú. Nígbà tí mítà 25 pé tí okùn náà sì le, òun náà gbéra. Kìlómítà 12 ni wọn yóò rìn báyìí: mẹ́ta lọ tààrà, wọn yóò yà, mẹ́ta mìíràn, wọn yóò tún yà, títí wọn yóò fi padà síbi tí wọ́n ti gbéra. Kò sí ọ̀nà níbẹ̀. Òkúta ni, iyanrìn ni, igi creosote kúkúrú ni. Bí ìlà náà bá gba inú ẹ̀gún kọjá, inú ẹ̀gún ni wọn yóò gbà.

Ìjàpá ni wọ́n ń wá. Ìjàpá tiwa, ọkọ Yánníbo, ẹ̀wẹ́ ló fi ń bọ́ lọ́wọ́ ayé. Ti aṣálẹ̀ Mojave, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, kò mọ ẹ̀wẹ́ kankan. Ilẹ̀ ló mọ̀ ọ́n gbẹ́. Ọwọ́ iwájú rẹ̀ dà bíi ṣọ́bìrì, èékánná rẹ̀ nípọn, ó sì ń lo ohun tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ayé rẹ̀ lọ nínú ihò, kí ooru má bàa pa á, kí òtútù má bàa pa á. Láàárín òpin oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, nígbà tí òjò ìgbà òtútù bá ti mú kí koríko àti òdòdó hù, ló máa ń jáde wá jẹun. Àsìkò yìí náà ni àwọn tó ń kà á máa ń wọ aṣálẹ̀. Ẹ bá mi wò ó: báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ka ẹ̀dá tí kì í fẹ́ jáde síta, lórí ilẹ̀ tó gba California, Nevada, Utah àti Arizona kọjá?

Ojú ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Àwọ̀ erùpẹ̀ ni àwọ̀ ìjàpá yìí, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wò yóò sì kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òkúta. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wò ń wá ohun tó rí róbótó láàárín ohun tó rí ṣákiṣàki. Ó ń wo abẹ́ igi, níbi tí òjìji wà. Ó ń wo ihò. Ìsàlẹ̀ ihò ìjàpá máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, òkè rẹ̀ a sì tẹ̀ kọrọdọ bí àbọ̀ òṣùpá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, bí onílé gan-an ṣe rí nígbà tó bá ń wọlé. Bí aláǹtakùn bá ti ta okùn dí ẹnu ihò náà, ẹnikẹ́ni kò tíì gba ibẹ̀ kọjá láìpẹ́ yìí. Bí erùpẹ̀ ẹnu rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, tí ipasẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí onílé wà nílé.

Nígbà náà ni wọn yóò mú dígí kékeré jáde. Inú ihò ṣókùnkùn, ó sì lè jìn. Ẹni tó mú dígí yóò dúró síbi tí oòrùn ti lè bà á, yóò fi dígí gba ìmọ́lẹ̀, yóò sì darí rẹ̀ wọ inú ihò díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, títí yóò fi dé ìsàlẹ̀. Nígbà mìíràn, erùpẹ̀ lásán ni. Nígbà mìíràn, etí igbá ẹ̀yìn ìjàpá yóò yọ, tàbí orí kan tó rọra ń fà sẹ́yìn. Oòrùn tó lé e wọlé náà ni wọ́n fi ń wá a kàn. N kò lè ronú kan dígí yìí kí inú mi má dùn.

Bí ó bá wà níta tí ọwọ́ tó o, jẹ́jẹ́ ni. Ìjàpá yìí máa ń tọ́jú omi sínú àpò ìtọ̀ rẹ̀, omi yẹn ló sì fi ń la ọ̀dá já. Ó lè lo ọdún kan láìmu omi. Bí ẹ̀rù bá bà á, ó lè tú omi náà dànù, ìyẹn sì lè pa á tí òjò kò bá rọ̀. Nítorí náà wọ́n kì í gbé e bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì 35. Ìbọ̀wọ́ tuntun ni fún ìjàpá kọ̀ọ̀kan, torí àrùn imú àti èémí kan wà tó lè ti ara ọ̀kan ran òmíràn. Wọ́n á wọn igbá ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á wo ikùn rẹ̀ (ti akọ máa ń jin kòtò díẹ̀), wọ́n á lẹ nọ́ńbà kékeré mọ́ ọn, wọ́n á dá a padà síbi tó wà.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ nǹkan yìí ni ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún ohun tí wọn kò rí.

Ká ní wọ́n rí ìjàpá méjì lójọ́ kan. Ẹlòmíràn yóò kọ méjì, yóò lọ sílé. Àwọn wọ̀nyí mọ̀ pé ojú ẹni a máa ríran dáadáa nítòsí ẹsẹ̀, pé bí nǹkan bá ṣe ń jìnnà ni ojú ń fò ó. Nítorí náà, fún gbogbo ìjàpá tí wọ́n bá rí, wọ́n á wọn bó ṣe jìnnà sí ìlà tí wọ́n ń rìn. Okùn mítà 25 yẹn wúlò níbí: bó ṣe nà sílẹ̀ ni ìlà náà ṣe hàn. Teepu ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kọ́ńpáàsì ni wọ́n fi ń mọ ìhà tó wà; ojú lásán kò tó. Nígbà tí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ bá ti pọ̀, á hàn kedere bí ojú ṣe ń rẹ̀wẹ̀sì bí ọ̀nà ṣe ń jìn, wọ́n á sì lè ṣírò iye tí wọ́n fò.

Ìṣirò náà dúró lórí nǹkan kan: pé èyí tó bá wà lórí ìlà gan-an kò bọ́ mọ́ wọn lójú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jẹ́ méjì. Ẹni ẹ̀yìn ń wá ohun tí ẹni iwájú fò, wọ́n sì ń kọ ẹni tó kọ́kọ́ rí ìjàpá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ọ̀kan ṣe ń yẹ ojú èkejì wò, láìsí ìjà.

Ó wá ku àwọn tó jìn wọ ilẹ̀ ju ibi tí dígí lè dé lọ. Ní àsìkò kan náà, àwọn mìíràn ń tọ ìjàpá tí wọ́n ti lẹ ẹ̀rọ rédíò kékeré mọ́ lẹ́yìn. Wọ́n mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Wọ́n á lọ bá a, wọ́n á bi ara wọn léèrè kan ṣoṣo: bí ẹnì kan bá ń kọjá níbí, ṣé yóò lè rí i? Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti ara ìdáhùn wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń mọ ìdá tó fara pamọ́ pátápátá.

Kí ẹnikẹ́ni tó rin ìlà gidi, yóò ti kọ́kọ́ rin ti ìkẹ́kọ̀ọ́, níbi tí wọ́n to ìjàpá tí wọ́n fi fóòmù líle ṣe sí. Olùkọ́ mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí ìrìn, wọ́n á fi ohun tó rí wé ohun tó wà níbẹ̀. Ó gba ọkàn gidi kí èèyàn tó lè jókòó gbọ́ iye tí ojú rẹ̀ fò, kó sì tún dìde lọ rin òmíràn.

Ìjọba Amẹ́ríkà ti ka ìjàpá yìí mọ́ ẹ̀dá tó wà nínú ewu láti 1990, wọ́n sì ti ń fi ọ̀nà yìí kà á káàkiri Mojave láti 2001. Ohun tí kíkà náà sọ dùn mí. Agbègbè márùn-ún ni wọ́n pín ilẹ̀ rẹ̀ sí. Láàárín 2004 sí 2014, àgbà ìjàpá dín kù ní mẹ́rin nínú wọn. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìran rẹ̀ lè dúró ni àgbà 3.9 nínú kìlómítà kan níbùú lóròó, ìyẹn ilẹ̀ tó tó pápá bọ́ọ̀lù bíi 140. Ibi tí kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́ ti pọ̀. Ọ̀nà mọ́tò, iná, ọ̀dá àti àrùn wà nínú ohun tó ń pa wọ́n. Ẹyẹ ìwò, tí ààtàn àti omi èèyàn ti mú bí sí i, ń fi ẹnu gún igbá àwọn ọmọ wọn, torí igbá náà kì í le fún ọdún mélòó kan. Ọmọ tó sì yè tún lè lo bí ọdún 15 kó tó lè bímọ. Àwọn kékeré wọ̀nyẹn kò sí nínú iye tí wọ́n ń tẹ̀ jáde: èyí tí igbá rẹ̀ kò bá tó mìlímítà 180, wọn kì í kà á mọ́ àgbà, nítorí wọ́n mọ̀ pé ojú àwọn kì í sábà bá a.

Ọ̀sán ti ń le nígbà tí àwọn méjì àárọ̀ yẹn padà dé ibi tí wọ́n ti gbéra. Ẹsẹ̀ wọn kún fún ẹ̀gún. Wọ́n rí ihò mẹ́rin, wọ́n fi dígí wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan ti ní okùn aláǹtakùn lẹ́nu. Ní àyè tó yẹ kí wọ́n kọ iye ìjàpá sí, wọ́n kọ òdo, wọ́n tún un wò bóyá ó hàn dáadáa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn.